Kí Ló Dé Tí Ọmọ Fi Ń Ké Nígbà Tí Bàálù Bá Fẹ́ Balẹ̀?

Ẹni tó bá ti wọ bàálù láti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ́nù rí ti gbọ́ ẹkún yìí. Ìrìn bíi wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ ni, ọmọ ọwọ́ lè sùn fọnfọn jálẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àfi bí awakọ̀ bá ní àwọn ti ń sọ̀kalẹ̀, ni ọmọ bá figbe bọnu. Ìyá ń rẹ̀ ẹ́ títí, èrò ń wo ìyá níwòkuwò. Ebi kọ́, ọmọ náà kì í sì í ṣe aláriwo. Etí ló ń dùn ún.

Afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn ìlù etí wa, ọ̀nà tóóró kan ló sì so ibẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀fun. Bí bàálù bá ń gòkè, afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ á fúyẹ́, ti inú etí á wú, á sì ti ara rẹ̀ jáde láìsí wàhálà púpọ̀. Ìgbà ìsọ̀kalẹ̀ ni nǹkan yí padà. Afẹ́fẹ́ ìta á bẹ̀rẹ̀ sí í le, á máa ti ìlù etí wọnú, ọ̀nà tóóró yẹn á sì pa dé pinpin. Ó dìgbà tí èèyàn bá gbé nǹkan mì tàbí tó yán kó tó là. Àgbàlagbà á gbé itọ́ mì, á jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Ọmọ oṣù mẹ́ta kò mọ ìyẹn, ọ̀nà tóóró tirẹ̀ sì tún kúrú, ó tín-ín-rín, ó nà gbalaja ju ti àgbà lọ.

Ọmú ni oògùn rẹ̀. Bí ọmọ bá ń fà á, ó ń gbé e mì, etí ń là. Ìgbéra ni ọ̀pọ̀ ìyá ń ṣọ́, bẹ́ẹ̀ ìsọ̀kalẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ṣọ́ jù. Ó sì máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí táyà tó kan ilẹ̀. Ọmọ tó ti yó bámúbámú ṣáájú kò ní gba ọmú nígbà yẹn, nítorí náà ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ nínú ikùn rẹ̀. Bó bá sùn, ẹ jí i, torí ẹni tó sùn kì í gbé itọ́ mì bíi ti ẹni tó lajú. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí á korò létí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn! Ike mílíìkì náà ń ṣiṣẹ́ kan náà. Ọmọ tó ti ń rìn lè mu omi nínú kọ́ọ̀pù.

Ṣùgbọ́n oúnjẹ ọ̀hún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọjá lọ́wọ́ àwọn tó ń yẹ ẹrù wò. Ní ọjọ́ 10 oṣù August 2006, ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú àwọn tó ń gbèrò láti fi ike ohun mímu gbé àdó olóró wọ bàálù tó ń lọ sí Amẹ́ríkà àti Kánádà. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, òbí tó gbé mílíìkì ọmọ dání ní láti tọ́ ọ wò lójú ẹ̀ṣọ́. Ibẹ̀ ni òfin pé ohun olómi inú ẹrù ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ ju mílílítà 100 lọ nínú ike kan ti wá. Oúnjẹ ọmọ kò sí nínú òfin náà. Ní Amẹ́ríkà, omi ọmú lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kódà bí ọmọ kò bá tẹ̀ lé ìyá. Ẹ sáà yọ ọ́ kúrò nínú báàgì kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó lè tó lítà 2 nínú ike kan, àmọ́ èyí tó ti dì bíi yìnyín kò gbọ́dọ̀ wà nínú ẹrù ọwọ́.

Ní ti mílíìkì oníyẹ̀fun, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí omi tí a ó fi pò ó má dín ní 70°C, nítorí kòkòrò àìfojúrí lè wà nínú ìyẹ̀fun fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó jẹ́ kó tutù. Ẹ wọn ìyẹ̀fun sínú ike gbígbẹ láti ilé, kí ẹ bèèrè omi gbígbóná lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bàálù. Èyí tí ẹ ti pò kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 2 lọ níta. Omi ọmú tí a fún sínú ike lè lo wákàtí 4. Afẹ́fẹ́ inú bàálù gbẹ gan-an, síbẹ̀ ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò nílò omi. Ọmú léraléra ló nílò.

Bí ẹ bá jókòó ti ìyá tó gbé ọmọ ọwọ́ nígbà tí awakọ̀ kéde ìsọ̀kalẹ̀, ẹ bá a gba báàgì tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ mú, kó ráyè fọ́mọ lọ́mú.