Igi ìdáná ń gba máàkì, igbó Ìsẹ̀ ń tán lọ

Bí a bá gbé Nàìjíríà àti Jámánì lé ọ̀kan nínú àwọn òṣùwọ̀n tí ayé fi ń mọ ọrọ̀ ajé tí kì í ba àyíká jẹ́, Nàìjíríà ni yóò borí. Òṣùwọ̀n náà ń wo ìdá mélòó nínú agbára tí ará ìlú ń lò ló wá láti orísun tí kì í tán. Nínú ìsirò Báńkì Àgbáyé, tiwa lé ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti Jámánì kò tó 25. Kì í ṣe iná oòrùn ló gbé wa débẹ̀ o. Igi ìdáná ni. Nítorí pé igi tí a gé lè hù padà, àwọn onísirò kà á mọ́ oòrùn àti afẹ́fẹ́. Ìyá tó ń fẹnu fẹ́ná lábẹ́ ìkòkò ẹ̀wà nílùú Ẹmùrẹ́-Èkìtì, tí èéfín ń ta á lójú, òun ló gba máàkì yẹn fún wa.

Lórí ìwé, òṣì a máa jọ ìtọ́jú àyíká. Ẹni tí kò níná kò lè fi iná ṣòfò. Ẹni tí kò ní mọ́tò kò lè tú èéfín mọ́tò. UNEP, àjọ tó ń rí sí àyíká lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òṣùwọ̀n tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2017, Green Economy Progress, ń wo nǹkan mẹ́tàlá pọ̀, tó fi mọ́ afẹ́fẹ́ tí à ń mí, ilẹ̀ tí ìjọba dáàbò bò, ẹ̀mí gígùn, iye ọdún tí èèyàn lò nílé ìwé, owó ìfẹ̀yìntì, àti àlàfo tó wà láàárín olówó àti tálákà. Ohun tó ń bi orílẹ̀-èdè ni pé: ibo lo ti gbéra, ibo ló yẹ kí o dé, báwo lo sì ti rìn tó? Ìbéèrè tó dára ni. Àmọ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo fún odindi Nàìjíríà kò sọ nǹkan kan fún ará Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.

Ṣáínà gbìyànjú láti sọ irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ dé ẹkùn. Ní oṣù Kejìlá 2017, wọ́n gbé èsì ọdún 2016 jáde fún ẹkùn 31. Beijing, olú-ìlú wọn, ló ṣe ipò kìíní. Ṣùgbọ́n wọ́n tún bi ará ìlú léèrè bóyá àyíká wọn tẹ́ wọn lọ́rùn. Níbẹ̀, Beijing já wálẹ̀ sí ipò 30, Tibet ló sì gbégbá orókè. Mo gbóríyìn fún wọn pé wọ́n tẹ èsì méjèèjì jáde. Ìjọba tiwa ì bá ti fi ọ̀kan pamọ́.

Lọ́dọ̀ wa, láti 2024 ni àjọ Society for Planet and Prosperity pẹ̀lú iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó àyíká ti ń to àwọn ìpínlẹ̀ sípò lórí ọ̀rọ̀ ojú-ọjọ́. Wọ́n ń wò bóyá ìpínlẹ̀ ní ọ́fíìsì àti òfin fún un, bóyá owó wà fún un nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, àti ohun tí wọ́n gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìbẹ̀rẹ̀ rere ni, ṣùgbọ́n ìwé àti ọ́fíìsì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú igbó, ní gúúsù Èkìtì. Igbó ìjọba tó wà ní Ìsẹ̀ fẹ̀ tó kìlómítà 142 níbùú lóròó. Níbẹ̀ ni díẹ̀ ṣẹ́kù nínú ìnàkí Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, ẹ̀yà tó ṣọ̀wọ́n jù nínú ẹ̀yà mẹ́rin tí irú ìnàkí yìí pín sí. Nítorí àwọn ìnàkí ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù yìí ni Rachel Ashegbofe Ikemeh ṣe gba ẹ̀bùn Whitley, tí wọ́n ń fún àwọn tó ń dáàbò bo ẹ̀dá inú igbó, ní 2020. Lórí máàpù ìjọba, gbogbo igbó náà ni a dáàbò bò. Ẹni tó bá ń ṣírò ilẹ̀ tí Èkìtì dáàbò bò, 142 ni yóò máa kọ sílẹ̀ lọ́dọọdún, ì báà jẹ́ pé ẹ̀rọ àwọn agégẹdú ń ké nínú rẹ̀, tí oko kòkó sì ń jẹ ẹ́ létí. Méjèèjì ló sì ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn kan á ní ká lo sátẹ́láìtì. Ó wúlò, ọ̀fẹ́ sì ni: láti 2014 ni Global Forest Watch ti ń fi ibi tí igi ti dínkù han ẹnikẹ́ni tó bá ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n orí igi ló ń rí, ó ṣòro fún un láti mọ irú igi. Bí wọ́n bá gé ìrókò àti àràbà, tí wọ́n fi tíìkì tàbí mẹláínà rọ́pò, lẹ́yìn ọdún mélòó kan àwọ̀ ewé á padà sórí àwòrán. Oko kòkó tó ti gbó náà lè jọ igbó lójú rẹ̀. Ìnàkí kì í jẹ tíìkì. Àfi kí ẹnìkan fẹsẹ̀ rìn ín, kí ó ka ìtẹ́ ìnàkí, kí ó sì ka kùkùté.

Iye ènìyàn tí a ó fi pín gbogbo ìsirò yìí ńkọ́? Ìkànìyàn tí a ṣe kẹ́yìn, 2006 ni. Láti ìgbà náà, àbá ni gbogbo iye tí wọ́n ń kọ fún Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ tàbí Ìmẹ̀sí-Lásìgìdì. NBS, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìsirò, gbìyànjú ní 2022 pẹ̀lú ìwádìí lórí òṣì, tó wo ohun tí ilé kọ̀ọ̀kan fi ń dáná pẹ̀lú. Ní Òǹdó, aládùúgbò wa, ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn ló wà nínú òṣì. Ní Sókótó, 91 ni. Bí ìpínlẹ̀ bá lè jìnnà síra báyìí, ta ló sọ pé Adó-Èkìtì àti Ìmẹ̀sí rí bákan náà?

Ilẹ̀ Yúróòpù kò dúró dè wá. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2023, tí wọ́n ti sún ìgbà ìmúṣẹ rẹ̀ síwájú, fẹ́ mọ ibi tí oko kòkó kọ̀ọ̀kan wà gan-an, kó lè dájú pé a kò pa igbó dá oko náà lẹ́yìn 31 oṣù Kejìlá 2020. Bí ẹni tó wà ní Brussels bá lè béèrè oko kan ní Ìsẹ̀, kò yẹ kó nira fún Adó láti ka ìjọba ìbílẹ̀ 16. Láti 2024, ọwọ́ Èkìtì fúnra rẹ̀ ni àkóso ọjà iná mànàmáná rẹ̀ wà, nítorí náà ó lè pàṣẹ kí wọ́n máa kéde wákàtí iná tí ìlú kọ̀ọ̀kan rí. Kí ó fi iye ilé tó ti bọ́ lọ́wọ́ igi ìdáná kún un, àti iye igbó àbáláyé tó kù nílẹ̀. Títí wọn yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá gbọ́ lórí rédíò pé Èkìtì gba ipò kan, ẹ béèrè lọ́wọ́ kánsílọ̀ yín ohun tí wọ́n wọ̀n ládùúgbò yín.