Ṣíṣa Owó Onírin Àtijọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó mọ iyì wúrà ni à ń tà á fún. Bí ọ̀rọ̀ wúrà ti rí ni ọ̀rọ̀ owó onírin tí a kò ná mọ́ lọ́jà rí. Lójú ẹni tí kò mọ iyì rẹ̀, pàǹtírí ni. Lójú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà, ìwé ìtàn ni. Iṣẹ́ ìgbafẹ́ kan wà tí a gbé ka orí mímọ owó kà báyìí, èyí ni ṣíṣa owó àtijọ́ kúrò láàrin owó wẹ́wẹ́. Kí ọ̀rọ̀ má baà rú ẹnikẹ́ni lójú, kì í ṣe owó ẹyọ tí àwọn baba ńlá Yorùbá ná ni à ń wí, bí kò ṣe owó tí a fi bàbà, idẹ, fàdákà tàbí irin mìíràn rọ.

Ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ìfowópamọ́ ni ẹni tí ń ṣa owó máa ń gbà lọ. Yóò gba owó tí wọ́n ti dì ní ìdì-ìdì, yóò tú u sílẹ̀ nílé, yóò yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì dá èyí tí kò fẹ́ padà. Ará Amẹ́ríkà ń wá owó sẹ́ǹtì mẹ́wàá àti sẹ́ǹtì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ọdún ara rẹ̀ ṣáájú 1965, nítorí pé ìdá 90 nínú 100 rẹ̀ ni ó jẹ́ fàdákà. Ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wá owó àádọ́ta pẹ́ńsì ti 2009 tí ó ní àwòrán ọgbà Kew lára, nítorí pé 210,000 péré ni wọ́n rọ.

Ẹni tí ó bá dán irú èyí wò ní Kìṣí, ní ìhà àríwá Òkè-Ògùn, òfo ni yóò mú bọ̀. Bí iye náírà ti ń já wálẹ̀ láti 1986 ni owó onírin ń kúrò lápò àwọn ènìyàn. Owó àádọ́ta kọ́bọ̀, náírà kan àti náírà méjì tí wọ́n gbé jáde ní 2007 pàápàá kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ́jà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣa owó nínú ṣéńjì ojoojúmọ́, àfi kí ó gba ìhà Ṣakí kọjá sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí wọ́n ṣì ń fi owó onírin sẹ́fà ra ọjà. Ní Kìṣí, inú ìkòkò, inú kóló àti ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ ìyá àgbà ni owó àtijọ́ wà.

Ohun Tí Ojú Ń Wá

Ní 1907 ni wọ́n rọ kọ́bọ̀ àti ọ̀nìnì oníhò àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀nìnì mẹ́wàá ni kọ́bọ̀ kan. Kọ́bọ̀ méjìlá ni ṣílè kan. Alumíníọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ fi rọ ọ̀nìnì, ṣùgbọ́n kò bá ojú ọjọ́ ilẹ̀ yìí mu, ni wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀ ní 1908. Láti 1913 ni tọ́rọ́, sísì àti ṣílè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti wà. Fàdákà ni wọ́n fi rọ wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, kí idẹ tó gba ipò fàdákà láti 1920. Lẹ́tà kékeré tún wà lára òmíràn tí ń sọ ibi tí a ti rọ ọ́: H ni ti ilé iṣẹ́ Heaton ní Birmingham, KN sì ni ti King's Norton.

Èyí tí ìtàn rẹ̀ dùn jùlọ ni ti 1936. Edward VIII gorí oyè ní oṣù kìíní ọdún náà, ó sì fi oyè sílẹ̀ ní oṣù kejìlá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, wọn kò gbé owó rẹ̀ jáde fún ìnáwó, nítorí pé àwòrán ọba gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó oníhò ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò ní àwòrán ọba, orúkọ nìkan ni ó ní. Nítorí náà ni EDWARDVS VIII fi wà lára kọ́bọ̀, ẹ́pìnnì àti ọ̀nìnì 1936. Bí ẹlẹ́kọ kan ní Òkè-Ògùn bá gba irú kọ́bọ̀ yìí lọ́wọ́ oníbàárà, ohun tí oníṣòwò ní Lọ́ńdọ̀nù kò rí ná ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n kí olùwá má wo ọdún nìkan o, nítorí pé owó 1936 tí ó ní orúkọ George V wà pẹ̀lú.

Ní 1959 ni Nàìjíríà ní owó onírin tirẹ̀. Òwú wà lára tọ́rọ́ onígun méjìlá, kòkó wà lára sísì, ọ̀pẹ wà lára ṣílè, ẹ̀pà sì wà lára ṣílè méjì. Ẹni tí ó bá mọ ahunṣọ Ìsẹ́yìn àti oko ẹ̀pà ilẹ̀ ọ̀dàn kò ní ṣàì dá iṣẹ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ mọ̀ níbẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ni náírà dé. Ààbọ̀ kọ́bọ̀ tí ó bá a dé kò ní ọdún mìíràn lára ju 1973 lọ. Òòfà kò lè fa kọ́bọ̀ mẹ́wàá ti 1973, ṣùgbọ́n yóò fa ti 1991, nítorí pé irin tí a fi bàbà bò ni èyí. Olùkọ́ lè fi èyí han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kíláàsì láìná owó kankan.

Ohun Tí Èdè Fi Pamọ́

Orúkọ owó wọ̀nyí pẹ̀lú jẹ́ ohun àṣàpamọ́. Inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí bàbà ni kọ́bọ̀ ti jáde. Nígbà pọ́n-ùn, 240 kọ́bọ̀ ni ó wà nínú pọ́n-ùn kan. Nígbà tí náírà méjì gba ipò pọ́n-ùn kan, 200 kọ́bọ̀ tuntun ni ó wà nínú iye kan náà. Kọ́bọ̀ ìyá àgbà kì í ṣe kọ́bọ̀ ọmọ rẹ̀, bí orúkọ tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Sísì di kọ́bọ̀ márùn-ún, ṣílè di mẹ́wàá, àwọn àgbà kò sì yé pè wọ́n ní sísì àti ṣílè. Ẹni tí kò mọ èyí, bí ó bá ń gbọ́ ìtàn iye ọjà àtijọ́, yóò ṣi ìṣirò ṣe.

Bí A Ṣe Ń Wá A

Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni pé àwọn tí ń ra àlòkù irin àti idẹ kiri kì í ka ọdún tí ó wà lára owó. Òṣùwọ̀n ni wọ́n ń gbé e lé. Nígbà tí arúgbó bá kú tí a sì tú ẹrù rẹ̀, owó rẹ̀ lè bá ìkòkò jíjò lọ. Owó tí ó bá dé inú iná alágbẹ̀dẹ ti di idẹ lásán.

Síbẹ̀, kí olùwá má fi ìwàǹwára ṣe é. Ẹni tí ó wọlé tí ó ní, "Ìyá, ẹ kó owó àtijọ́ wá kí n rà á," lè rí owó gbà, ṣùgbọ́n yóò pàdánù ìtàn. Ẹni tí ó kúnlẹ̀ tàbí tí ó dọ̀bálẹ̀, tí ó sì béèrè pé, "Ẹ kú ilé o, ìyá. Nígbà tí ẹ wà ní ọmọge, èló ni ẹ ń ta ẹ̀kọ kan?" ni ìyá yóò fúnra rẹ̀ dìde tú kóló fún. Kí ó kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan owó. Owó tí a so mọ́ ère ìbejì tàbí tí a rán mọ́ ẹ̀kú eégún kì í ṣe ṣéńjì. Ojú ni a fi í wò, a kì í tú u. Kí ó má sì fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú bó owó kí ó lè dán, nítorí pé ojú owó ni ó ń bó kúrò yẹn, iyì rẹ̀ a sì dínkù.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀nà àbùjá sí ọlà nìyí. Púpọ̀ nínú owó wọ̀nyí ni wọ́n rọ ní ọ̀kẹ́ àìmọye, iye tí a ń tà wọ́n kò sì tó nǹkan. Ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ kan tí a mọ ẹni tí ó ná an, ọjà tí ó fi rà àti ìdí tí ó fi tọ́jú rẹ̀, ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún odidi kíláàsì. Ìyá tí ó lè sọ ìtàn náà ṣì wà láàyè lónìí. Òun ni kí olùwá kọ́kọ́ lọ bá, kí ó tó wo inú ìkòkò.