Ṣé O Mọ̀? Bàlúù Owó Pọ́ọ́kú Lọ sí Erékùṣù Kàríbíánì

Ṣé o mọ̀ pé Freddie Laker, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tó ta tíkẹ́ẹ̀tì London sí New York ní pọ́n-ùn 59 lọ́dún 1977, Bahamas ló ti tún gbéra sọ lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ bàlúù rẹ̀ wọko gbèsè lọ́dún 1982? Lọ́dún 1992, ó dá òmíràn sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń fi í kó àwọn ará Amẹ́ríkà wá ṣe fàájì ní Freeport.

Ṣé o mọ̀ pé Southwest, ilé-iṣẹ́ bàlúù Amẹ́ríkà tó ti ń fò láti ọdún 1971, kò fò kọjá ibodè Amẹ́ríkà rí títí di oṣù Keje ọdún 2014? Aruba, Nassau àti Montego Bay ló kọ́kọ́ lọ. Boeing 737 nìkan ló ń lò: awakọ̀ tó bá mọ ọ̀kan wà, ó mọ gbogbo rẹ̀ wà. Bí ọ̀kan bá sì balẹ̀, kíá ni wọ́n ń kó èrò mìíràn sí i, torí bàlúù tó dúró sílẹ̀ kì í pa owó wọlé.

Ṣé o mọ̀ pé Spirit ló kọ́kọ́ gbówó báàgì àgbéwọlé láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ bàlúù ńláńlá Amẹ́ríkà, lọ́dún 2010? Nígbà náà, èyí tó bá wọ abẹ́ àga nìkan ni wọn kì í gbowó lé. Omi mímu ńkọ́? Owó ni. Àga wọn kì í tẹ̀ sẹ́yìn. Nítorí náà, ṣírò owó ẹrù kí o tó pariwo pé pọ́ọ́kú lowó ọ̀pọ̀.

Èyí ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ṣé o mọ̀ pé fún ọdún mélòó kan, títí di oṣù Kẹrin ọdún 2015, owó-orí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń gbà lórí èrò tó ń lọ sí Barbados ju ti ẹni tó ń lọ sí Los Angeles lọ? Los Angeles ló sì jìnnà jù! Olú-ìlú orílẹ̀-èdè tí èrò ń lọ ni wọ́n fi ń wọn ọ̀nà: Washington ni wọ́n fi ka gbogbo Amẹ́ríkà, àti Hawaii pàápàá. Àwọn ìjọba erékùṣù Kàríbíánì fárígá, ó tó kí wọ́n fárígá.

Ṣé o mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ bàlúù JetBlue ló gbé èrò láti Florida lọ sí Santa Clara ní Kúbà ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 2016, lẹ́yìn ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún tí bàlúù akérò tó ń fò ní àkókò pàtó láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì ti dáwọ́ dúró? Òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí èèyàn lọ gbafẹ́ lásán. Ìdí méjìlá ló wà nílẹ̀ tí èrò gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan nínú rẹ̀. Ẹ̀sìn wà lára wọn, olórìṣà tó ń lọ bọ Ṣàngó ní Havana kò ní wá ọ̀rọ̀ sọ.

Ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ bàlúù ní erékùṣù Saba ńkọ́? Mítà 400 péré. Bàlúù ńlá kankan kò lè balẹ̀ síbẹ̀, ì báà jẹ́ ti pọ́ọ́kú tàbí ti olówó.

Ìjì líle máa ń jà ní Kàríbíánì láti oṣù Kẹfà sí ìparí oṣù Kọkànlá, ìgbà náà ni owó tíkẹ́ẹ̀tì sábà máa ń wálẹ̀. Aruba àti Curaçao kì í sábà bọ́ sójú ọ̀nà ìjì náà.

Barbados kì í béèrè físà lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n bí bàlúù rẹ bá máa yà ní Miami, o nílò físà Amẹ́ríkà, bí o kò tilẹ̀ ní jáde ní pápákọ̀. Yẹ ọ̀nà tí tíkẹ́ẹ̀tì náà gbà wò dáadáa kí o tó sanwó.