Ikùn Tí A Kò Tíì Rán Pa, àti Àríyànjiyàn Lórí Ìbòrí Rẹ̀

Dókítà oníṣẹ́-abẹ kì í dédé fi ikùn aláìsàn sílẹ̀ láìrán an pa. Bí ìfun bá wú débi pé ìfúnpá inú yóò kọjá mìlímítà 20 ti mẹ́kúrì tí a bá fi tipátipá rán ikùn náà, tí kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀fóró yóò sì máa daṣẹ́ sílẹ̀, tàbí bí ó bá di dandan kí a padà wọ inú náà láti fọ ìdọ̀tí tó kù, ṣíṣí ni a ó fi í sílẹ̀. Ohun tí a ó fi bo ìfun títí di ọjọ́ tí a ó rán ikùn pa ni àwọn oníṣẹ́-abẹ kò tíì fohùn ṣọ̀kan lé lórí.

Ìbòrí tí owó rẹ̀ kéré jù ni àpò Bogotá, tí Oswaldo Borráez kọ́kọ́ lò ní ìlú Bogotá, ní Kòlóńbíà, ní 1984. Àpò omi dírìpù tí kò ní kòkòrò ni: a ó là á, a ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, a ó sì rán etí rẹ̀ mọ́ awọ ara yípo egbò. Nítorí pé ọ̀rá náà mọ́ gaara, dókítà lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí ó wò ó bóyá ìfun ti ń dúdú. Àléébù rẹ̀ ni pé omi inú ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì, kò sì fa etí ikùn méjèèjì súnmọ́ra.

Ẹ̀yà kejì ni ìbòrí afàmu, tí a so mọ́ ẹ̀rọ tó ń fa omi inú jáde. Ọ̀rá oníhò wínníwínní, táwẹ́ẹ̀lì àti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni àwọn dókítà kọ́kọ́ fi ń ṣe é fúnra wọn, kí àwọn ilé-iṣẹ́ tó fi fóòmù rọ́pò táwẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n sì gbówó lé e. Ìpolówó wọn ni pé ó ń fa àwọn èròjà tó ń ba ara jẹ́ kúrò nínú ikùn kí wọ́n má baà wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ìwádìí kan tí a fi aláìsàn 45 ṣe ní Kánádà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2015, fi ti ilé-iṣẹ́ wé ti àfọwọ́ṣe: iye àwọn tó kú láàárín 90 ọjọ́ kéré sí i nínú àwọn tó lo ti ilé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ìyàtọ̀ gbòógì nínú iye ikùn tó padà pa dé, bẹ́ẹ̀ ni èròjà tí wọ́n ń pariwo kò yàtọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Èsì náà dùn ún gbọ́, àlàyé tí a fi ń tà á ni kò fẹsẹ̀ múlẹ̀.

A kì í sì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Wàhálà gan-an ni pé awọ líle tó di ẹran ikùn mú ń sún sẹ́yìn lójoojúmọ́. Bí ó bá pẹ́, etí rẹ̀ méjèèjì kò ní í kanra mọ́, ìfun tó wà ní gbangba sì lè lu, kí ìgbẹ́ máa gba ojú egbò jáde. Ìdí nìyí tí ọgbọ́n tí àwọn oníṣẹ́-abẹ Sweden gbé jáde ní 2007 fi níye lórí: wọ́n rán àwọ̀n mọ́ etí awọ náà lábẹ́ ìbòrí afàmu, wọ́n sì ń fún un pọ̀ sí i ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pààrọ̀ ìbòrí, títí awọ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé.

Púpọ̀ nínú àwọn ìfiwéra tó wà nílẹ̀ kò dọ́gba, nítorí ẹni tí ìbọn bà kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tí ìfun rẹ̀ lu tí ọyún sì gba inú rẹ̀ kan, ilé ìwòsàn tó ń lo àpò dírìpù kì í sábà ní ohun èlò tí èyí tó ń lo fóòmù ní, ẹ̀rọ afàmu kò sì wúlò níbi tí iná mànàmáná kò dúró. Ìbòrí tó dára jù ni èyí tí ilé ìwòsàn lè tọ́jú dáadáa, tí a sì tètè ṣí kúrò kí a lè rán ikùn pa.