Ààbọ̀ owó oṣù l'Ọ̀ṣun: ta ni gígé náà dé bá?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀wọ́ ẹ dúró díẹ̀. Tí ìjọba ìpínlẹ̀ kò bá lówó lọ́wọ́ mọ́, owó ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ gé? Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń sọ pé, "Kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣáà yanṣẹ́ lódì, owó á jáde." Kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun láti 2015 sí 2018.

Oṣooṣù ni wọ́n ń pín owó àpò àpapọ̀ l'Ábújá. Ìjọba àpapọ̀ máa ń mú ìdá 52.68 nínú ọgọ́rùn-ún, gbogbo ìpínlẹ̀ á pín 26.72, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ á pín 20.60. Epo rọ̀bì ló ń kó apá ńlá nínú owó náà wá nígbà yẹn. Ní àárín 2014, àgbá epo kan ju dọ́là 100 lọ. Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní 2015, kò tó 50 mọ́. Owó tó ń wọlé dín, òṣìṣẹ́ kò dín. Ní Ọ̀ṣun, gbèsè owó oṣù di ọ̀pọ̀ oṣù, ni àwọn òṣìṣẹ́ bá yanṣẹ́ lódì.

Ìjọba àpapọ̀ yá àwọn ìpínlẹ̀ lówó láti fi san gbèsè, ti Ọ̀ṣun sì lé ní bílíọ̀nù náírà 34. Ṣùgbọ́n owó oṣù tó ń bọ̀ ńkọ́? Ìjọba Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá àti àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jókòó, wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn. Ìpele 1 sí 7 á gba owó wọn pé, ìpele 8 sí 10 á gba ìdá 75, láti ìpele 12 sókè á gba ààbọ̀. (Ẹ má bi mí ní ìpele 11 o, kò sí i nínú iṣẹ́ ìjọba.) Ìgbìmọ̀ kan tún wà tó ń wo iye tó wọlé àti bí wọ́n ṣe máa pín in. Hassan Súnmọ́nù, ààrẹ NLC àkọ́kọ́, ni alága rẹ̀.

Àdéhùn yẹn dáa lójú mi ní ti pé kò fọwọ́ kan ẹni tí owó rẹ̀ kéré. Àmọ́ ẹ ro olùkọ́ tó ti ṣiṣẹ́ fún 20 ọdún wò. Òun ló ti dé ìpele òkè, òun ló ní ọmọ ní yunifásítì, owó tirẹ̀ ni wọ́n gé sí méjì. Ọjà kò sì gé iye gaàrí sí méjì fún un.

Àwọn kan á ní, "Òṣìṣẹ́ ìjọba mélòó ló wà láàárín ìlú, tí gbogbo owó á fi máa lọ sọ́dọ̀ wọn? Títì ńkọ́? Omi ńkọ́?" Ìbéèrè gidi ni. Aláta náà ń san owó ọjà, kò sì sẹ́ni tó pè é síbi àdéhùn. Èsì mi ni pé owó oṣù kì í ṣe ẹ̀bùn, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ náà tán.

Ibi tó burú jù lójú tèmi ni owó ìfẹ̀yìntì. Lábẹ́ òfin 2014, wọ́n á yọ ìdá 8 nínú owó òṣìṣẹ́, ìjọba á fi ìdá 10 tirẹ̀ kún un. Bàbá mi fi ìwé owó oṣù wọn hàn mí: owó orí, owó ẹgbẹ́, owó ìfẹ̀yìntì, gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ìdá ti ìjọba kì í jáde nínú àpò òṣìṣẹ́. Tí ìpínlẹ̀ kan kò bá san án nígbà tí owó wọ́n, oúnjẹ ọjọ́ náà kò dín, kò sẹ́ni tó máa pariwo. Ọdún tí onítọ̀hún bá fẹ̀yìn tì ni ihò náà máa hàn, nígbà yẹn kò sì ní iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ tó lè fi yanṣẹ́ lódì. Kò ju kó wọ́de lọ, tòun ti ọ̀pá ìtilẹ̀.

Ní 2018, owó oṣù kíkún padà l'Ọ̀ṣun. Gbèsè ààbọ̀ owó náà, tí wọ́n kà sí oṣù 30, dúró síbẹ̀. Ìjọba Adémọ́lá Adélékè ló wá bẹ̀rẹ̀ sí san án díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ni owó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́.