Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Tuntun, Fóònù Àtijọ́

Ẹ̀yin ọmọ, ǹjẹ́ ẹ ti gbọ́ kí àgbàlagbà kan ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì, máa ṣàròyé pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun ti dé, síbẹ̀ fóònù òun kò yára sí i? Fóònù náà kò bàjẹ́. Ẹ wo rédíò. Rédíò tí kò ní FM kò lè gbé ilé iṣẹ́ rédíò tí ń sọ̀rọ̀ lórí FM, bí ẹ tilẹ̀ gbé e sí ìdí òpó wọn gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni fóònù rí. Inú rẹ̀ ni ohun tí ó fi ń gbọ́ òpó wà, a kò sì lè fi tuntun kún un lẹ́yìn tí a ti rà á.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, MTN bẹ̀rẹ̀ 5G ní Nàìjíríà. Èkó àti Ìbàdàn wà lára àwọn ìlú tí ó kọ́kọ́ rí i. Ṣùgbọ́n fóònù tí ó lè gbà á kò pọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn. Kí ló fà á? Inú fóònù tí ó wọ́n gógó ni àwọn tí ń ṣe é máa ń kọ́kọ́ fi ohun tuntun sí. Òkè òkun sì ni ọ̀pọ̀ fóònù wa ti ń wá. Bí náírà bá ti ń rẹlẹ̀ ni owó wọn ń ga.

Ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀ tún wà ńbẹ̀. Kì í ṣe ojú ọ̀nà kan náà ni gbogbo orílẹ̀-èdè ń gbà lójú òfuurufú. Èyí tí MTN ń lò fún 5G níhìn-ín ni wọ́n ń pè ní n78. Fóònù tí a ṣe fún ilẹ̀ mìíràn lè ní 5G, kí ó má sì gbọ́ n78. Kí bàbá tàbí ìyá yín tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n béèrè èyí lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á. Ní ti fóònù àtijọ́, ẹ má sọ ọ́ nù. Ìpè ṣì ń wọlé sórí rẹ̀.