Ẹ Wà Á Jáde Kí Ẹ Tó Gbéra

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gbé ìwàásù, orin ìyìn àti Bíbélì tí a gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ rìnrìn àjò. Ṣùgbọ́n ṣé inú fóònù wa ni wọ́n wà ní tòótọ́, àbí orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti ń gbọ́ wọn?

Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne, bà jẹ́ nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire. Íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà, Gánà àti Benin. Àlùfáà tí orin ìsìn ìsìnkú rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan kò lè rí i lò lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, bí ó ti wù kí dátà rẹ̀ pọ̀ tó.

Ti owó tún wà níbẹ̀. Ohùn wákàtí kan, ní kílóbíìtì 128 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ń jẹ nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 58. Bí a bá wà á jáde, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a san owó rẹ̀. Mẹ́mórì káàdì 32 GB sì lè gba irú rẹ̀ tó ju 500 wákàtí lọ.

Síbẹ̀, wíwà á jáde nìkan kò tó. Spotify, fún àpẹẹrẹ, ń fẹ́ kí a wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín 30 ọjọ́, kí ohun tí a wà jáde níbẹ̀ má bàa di àwátì. Nítorí náà, ní alẹ́ tó ṣáájú ìrìn àjò, ẹ pa dátà, kí ẹ sì ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wò. Èyí tí kò bá dún, ẹ ṣì ní àkókò láti tún un wà jáde.